Ọkọ̀ Oníná Gbé Wa Dé Jẹ́bbá, Orí Mi sì Dàrú

A kírun Sùbúhì tán ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa lẹ́yìn ọjà Ìpàtà, mo gbé bàtà mi, mo sì lọ jókòó sínú ọkọ̀ kan tí mi ò gbọ́ ìgbà tó jí. Ibẹ̀ gan-an ni ìdààmú mi ti bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìlọrin, kò sì sí ọkọ̀ tí mo wọ̀ rí tí mi ò kọ́kọ́ tẹ́tí sí. Màá gbọ́ bó ṣe ń húkọ́, màá gbọ́ bí bẹ́líìtì ṣe ń han, màá sì ti mọ ohun tó ń ṣe é kí onímọ́tò tó la ẹnu. Èyí dákẹ́ lọ́lọ́. Mo ní kí Rúkà, ọmọ mi obìnrin tó jókòó síbi ìtọ́kọ̀, tan án. Ó ní, "Bàbá, mo ti tan án." Mo bojú wo ìta, ògiri ilé wa ti ń lọ sẹ́yìn.

Kí n tó jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé wa dìde. Rúkàyátù ni àbíkẹ́yìn mi, òun nìkan ló sì kù lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti jáde láyé. Ó lọ sí yunifásítì, ó kọ́ iṣẹ́ iná, ó padà wálé, ó ní ọkọ̀ tí kì í mu epo lòun fẹ́ máa tún ṣe. Ó fẹ́ kí n yọ̀ǹda ìdajì ọgbà mẹkáníìkì mi fún òun. Mo ní ọgbà mi kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe. Ibi tá a bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí àwọn kan ní Kàdúná tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ sí i pé kó wá bá àwọn ṣiṣẹ́. Wọ́n fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ tí mò ń ròyìn yìí tó ṣú. Mi ò fẹ́ kó lọ. Mi ò sì fẹ́ fi ọgbà mi sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí èèyàn ṣe ń fẹ́ nǹkan méjì tí kò lè gbé inú ilé kan, kó dákun wá kọ́ mi.

Màmá àgbà kan tó ń gbé ní GRA ló ni ọkọ̀ náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló fi í ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ó lò ó díẹ̀, ó bàjẹ́, kò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, ló bá pa á tì sábẹ́ igi máńgòrò. Rúkà ló sọ ọ́ jí. Màmá náà wá ní kó gbé e rin ọ̀nà jíjìn kan wò kó tó dá a padà fún òun. Èmi ni mo mú Jẹ́bbá, mi ò ní purọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀nà náà kò dára, àwọn tírélà sì kún un bí èèrà. Rúkà kò janpata, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan táwọn jọ kàwé ń gbé níbẹ̀. Ó gbé ìwé, ó ṣírò, ó ní bí bátìrì bá kún ní ọgọ́rùn-ún, a ó bá márùndínlọ́gọ́ta nínú rẹ̀ tá a bá dé Jẹ́bbá.

Mo ní, "Bí mo bá fi ojú ara mi rí márùndínlọ́gọ́ta yẹn, ìdajì ọgbà ti di tìẹ. Bí mi ò bá rí i, má tún fi ọ̀rọ̀ náà dà mí láàmú mọ́, kó o dá àwọn ará Kàdúná lóhùn."

Ó ní, "Mo gbà, Bàbá."

A gba Post Office kọjá nígbà tí àwọn mẹ́gáàdì báńkì ṣì ń ká ẹní wọn, a já sí Sángò, a sì dé Òkè-Oyì kí oòrùn tó yọ dáadáa. Nọ́ńbà kan wà níwájú awakọ̀ nínú ọkọ̀ yìí, bí géèjì epo ti wà nínú tiwa. Ọgọ́rùn-ún ni kíkún, òdo sì ni pé ó tán. Mo ń wo nọ́ńbà yẹn bí ológbò ti ń wo ẹja. Ní Òkè-Oyì ni Rúkà dúró, ojú rẹ̀ pọ́n. Iná kò dé ní àdúgbò wa lálẹ́ àná títí òru fi jìn, òun ló sì dìde jókòó ti ọkọ̀ náà títí ó fi kún. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi wà á. Ìtẹ̀sẹ̀ méjì péré ló ní. Ẹ rọra, ẹ má sáré." Kí n tó tún ìjókòó ṣe, ó ti sùn.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa wa ọkọ̀ tí kò ní kíláàṣì, tí kò ní jíà kan sí márùn-ún, tí kò sì kùn. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó fò síwájú bí ẹran tí wọ́n já okùn rẹ̀. Mo ń wá ohùn tó máa sọ fún mi pé mo ti ń sáré, mi ò gbọ́ nǹkan kan àfi atẹ́gùn àti táyà ọkọ̀ tó ń gbá òkúta. Orí mi dàrú. Mo ní bóyá báyìí ni adití ṣe máa ń wakọ̀.

Àmọ́ awakọ̀ àtàtà ni mí. Ọgbọ́n kan wà tí ọ̀gá mi kọ́ mi nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, gbogbo awakọ̀ ojú ọ̀nà yìí ló sì mọ̀ ọ́n: bí ọkọ̀ bá ti dé ibi ìsọ̀kalẹ̀, fi í sí fríì, kó máa yí lọ fúnra rẹ̀. Epo tí ò bá jó nísàlẹ̀, wàá fi gun òkè. Ẹ̀rù sì ń bà mí kí ọmọ yìí má jí kó ní mo mọ̀ọ́mọ̀ ná bátìrì òun nínàákúnàá nítorí ọgbà. Mo wá lẹ́tà tó dúró fún fríì lára bọ́tìnnì roboto kan, mo rí i. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ìsọ̀kalẹ̀ ni mo ń fi í sí fríì. Bí mo bá sì rí kòtò lókèèrè, tàbí tírélà tó ń wọ́ níwájú, fríì náà ni, màá wá máa fi búréèkì dá a dúró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kòtò kò sì wọ́n lọ́nà náà. Láàárín Òkè-Oyì sí Bódé Sáádú, mo ka ibi mẹ́tàdínlógún tí àwọn tírélà ti ń yà fún kòtò síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹní ń jó. Mo ní ọmọ yìí máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tá a fi kọjá Bódé Sáádú, mo rí i pé nọ́ńbà náà ń já wálẹ̀ ju bí Rúkà ṣe kọ ọ́ lọ. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbà mi ti yè bọ́. Ọmọ mi ń lọ sí Kàdúná.

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù la sọ̀ kalẹ̀ wọ Jẹ́bbá. Ẹni tí kò bá tí ì dé ibẹ̀ rí, òkè ni yóò ti kọ́kọ́ rí Odò Ọya nísàlẹ̀, yóò fẹ̀ lọ títí, omi rẹ̀ yóò máa dán láàárín àpáta. Ẹja ni wọ́n ń tà lójú ọ̀nà, wọ́n yan án, wọ́n sì ká a kí ìrù rẹ̀ lè wọ ẹnu rẹ̀. Nílé, a máa ń ra ẹja Jẹ́bbá ní Ìpàtà, a ó sì máa ráhùn pé ó wọ́n. Mo béèrè iye rẹ̀ níbẹ̀, iye kan náà ni. Èyí náà kò yé mi.

Rúkà jí, kò tilẹ̀ wo odò. Nọ́ńbà ló wò. Méjìdínláàádọ́ta ni. Ó tún un wò. Ó mú ìwé rẹ̀ jáde, ó wò ó, ó dá a padà sínú báàgì. "Ìṣirò mi kò tọ̀nà, Bàbá," ó ní. "Bátìrì yìí ti gbó ju bí mo ṣe rò lọ." Mo ní kò burú, èèyàn ń ṣe àṣìṣe. Mo sọ ọ́ bí ẹni pé èmi kò ní ọwọ́ kankan nínú rẹ̀, torí mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìdírísù ni orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Núpé ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní ìmọ̀ físíìsì. Ó kí wa ní "Sannu da zuwa," ìyẹn ni pé ẹ káàbọ̀ lédè Haúsá, ó sì fi Yorùbá tó já geere bá wa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Mo rò pé ní Jẹ́bbá, níbi tí omi ti ń yí ẹ̀rọ tó ń mú iná wá fún gbogbo ilẹ̀ yìí, iná á máa dà sílẹ̀ bí omi ni. Àwọn wáyà ńláńlá náà gba orí wa kọjá, wọ́n ń kùn. Nílé Ìdírísù, iná ò sí. Ó ti lọ láti àárọ̀ àná. Mo wo wáyà, mo wo Ìdírísù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹni tó ń gbé etí odò náà ń ra omi."

Bátìrì tó kù kò lè gbé wa délé láìfòyà, nítorí òkè ni ìpadàbọ̀ jẹ́. Ni wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ jáde. Nígbà yẹn ni mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, epo lẹ tún ń wá yìí? Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń fi ìyẹ̀fun pààrọ̀ gaàrí?" Ojú Rúkà ti rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fún lómi. Èmi fúnra mi ni mo lọ ra epo náà, wọ́n ń ta lítà kan ní ẹgbẹ̀rún náírà ó lé, mo sì fi ike wọn ọ́n bí oníṣẹ́ ọwọ́: lítà mẹ́rin gééré. Mo fẹ́ rí i fúnra mi.

Ìyá Ìdírísù gbé tùwó wá, òkèlè ìrẹsì tí wọ́n gún mọ́lẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja. A jẹun, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo. Nígbà tí lítà mẹ́rin náà jó tán, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́rin, nọ́ńbà sì ti gòkè láti méjìdínláàádọ́ta dé márùndínláàádọ́rin. Mẹ́tàdínlógún ló fi lé. Mo ṣe ìṣirò lọ́kàn mi: nọ́ńbà kan ń rìn bíi kìlómítà méjì, nítorí náà lítà mẹ́rin yìí máa gbé wa rin kìlómítà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọkọ̀ tèmi, ọkọ̀ eléńjìnì tí mo fi ọwọ́ ara mi tún ṣe, lítà mẹ́rin kò lè gbé e kọjá ibẹ̀ lọ́nà yìí.

Mo tún un kà. Bákan náà ló rí. Epo wọ jẹnẹrétọ̀, ó di iná, iná wọ bátìrì, ó kúrò níbẹ̀ ó wọ táyà. Ó yẹ kó ti ṣòfò lọ́nà mẹ́ta. Báwo ló ṣe wá bá tèmi tó mu epo náà láti ọwọ́ sí ẹnu dọ́gba?

Rúkà ti lọ ṣe àlùwàlá ìrun Súhúrù. Ìdírísù ní kí n gbé ọwọ́ sún mọ́ sàìlẹ́ńsà jẹnẹrétọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi. Ó ní kí n gbé e lé bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà. Ó tutù bí ògiri. "Bàbá," ó ní, "ooru yẹn, epo ni. Nínú lítà mẹ́rin tí ọkọ̀ eléńjìnì bá mu, bóyá ọ̀kan péré ló ń ti táyà. Èyí tó kù di ooru, ó gba rédíétọ̀ àti sàìlẹ́ńsà lọ. Jẹnẹrétọ̀ náà ti fi tirẹ̀ ṣòfò bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ oníná kì í tún fi púpọ̀ kún un. Iná tó bá wọ inú rẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń dé ẹsẹ̀ táyà."

Mo jókòó. Ẹ gbọ́, rédíétọ̀ ni mò ń tún ṣe láyé mi. Fáànù, pọ́ńpù omi, gáásikẹ́ẹ̀tì, sàìlẹ́ńsà. Gbogbo ohun tí mo fi ọgbọ̀n ọdún mọ̀, ọ̀nà tí epo ń gbà ṣòfò ni. Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an, mi ò ní fi pamọ́.

Bóyá Ìdírísù rí ojú mi, ó wá fẹ́ dá mi lára yá. Ó ní, "Ẹ rántí dínámò ara kẹ̀kẹ́ àtijọ́, èyí tó ń fara ti táyà?" Mo ní ta ni kò mọ̀ ọ́n. Bó o bá ti kàn án mọ́ táyà lálẹ́, iná á tàn, kẹ̀kẹ́ á sì wúwo lẹ́sẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ yìí," ó ní. "Bẹ́ ẹ bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀sẹ̀, táyà ló máa yí mọ́tò, mọ́tò á di dínámò, á máa dá iná padà sínú bátìrì. Ìsọ̀kalẹ̀ àti ìdúró ni ọkọ̀ yìí fi ń jẹun. Àfi bí ẹnì kan bá fi í sí fríì. Ìyẹn dà bí kéèyàn yọ dínámò kúrò lára táyà."

Mo rí gbogbo ìsọ̀kalẹ̀ láti Òkè-Oyì, mo rí kòtò mẹ́tàdínlógún àti èyí tí mi ò kà. Ìṣirò ọmọ mi tọ̀nà. Èmi ni mo da oúnjẹ bátìrì sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà.

Rúkà padà dé, omi àlùwàlá ṣì wà lójú rẹ̀. Kí ni màá ní? Pé ọ̀gá mẹkáníìkì kò mọ ọkọ̀ wà? Mo ní màá sọ ọ́ tá a bá délé, nígbà tí mo bá ti ronú jinlẹ̀. A kírun, a kí wọn pé ó dìgbà, mo sì bọ́ síbi ìtọ́kọ̀.

Ìpadàbọ̀ yàtọ̀. Mi ò fọwọ́ kan fríì. Bí mo bá rí kòtò, màá gbé ẹsẹ̀, ọkọ̀ á rọra fà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n di lẹ́wù mú, mo sì ń rí i lójú géèjì pé iná ń padà wọlé. Rúkà gbé ojú sí fèrèsé. Ní Bódé Sáádú, mo dúró láti ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní. Èyí tí wọ́n dín ni mo rà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, ó gbóná, ó dára ju ti ìlú lọ. Mo dúró pẹ́ níbẹ̀. Mò ń to ọ̀rọ̀ tí màá bá a sọ. Nígbà tí mo padà sínú ọkọ̀, ó ń ti fóònù rẹ̀ bọ báàgì. Ó gba wàrà, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Mo tún ní ó di ilé.

Kí wọ́n tó pe ìrun Màgíríbì la wọ ẹnu ọ̀nà wa. Mẹ́tàdínlógún ló kù nínú bátìrì. Rúkà tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Kò yé mi o. Òkè la gùn bọ̀, méjìdínláàádọ́ta la ná. Ìsọ̀kalẹ̀ la bá lọ, méjìléláàádọ́ta la ná. Bàbá, kí ló ṣe ọkọ̀ yìí láàárọ̀?"

Mo pa á. Kì í kùn, nítorí náà pípa rẹ̀ kò yàtọ̀ sí títàn rẹ̀. Mo ní, "Kò sí ohun tó ṣe é. Èmi ni. Fríì ni mo ń fi í sí."

"Ní ibo?"

"Níbi gbogbo. Láti Òkè-Oyì títí dé Jẹ́bbá. Mo rò pé mò ń bá ẹ tọ́jú rẹ̀ ni. Ìdírísù ló là mí lójú. Ọgbà ti di tìẹ, wàlláhì. Ìdajì tó kọjú sí títì ni kó o mú."

Mo rò pé á bú sẹ́rìn-ín, nítorí ọmọ tó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ó ní, "Láti Jẹ́bbá lẹ ti mọ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo ti dá wọn lóhùn, Bàbá. Ní Bódé Sáádú, nígbà tẹ́ ẹ lọ ra wàrà. Mo ní mò ń bọ̀."

Mo ní kó pè wọ́n padà, kó ní bàbá òun ló ṣàṣìṣe. Ó ní wọ́n ti ń wá ilé tí òun máa gbé, àti pé òun ti fọwọ́ sí i pé òun máa bá wọn lo ọdún kan. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ ì bá tilẹ̀ le, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Ó kàn ní, "Ẹ bá ti sọ fún mi." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ fi wáyà kan ọkọ̀ màmá GRA mọ́ iná, torí iná ti dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí léèrè ohun tí mo rí ní Jẹ́bbá, mo rí i pé ẹ̀rọ tí mo fi iṣẹ́ rẹ̀ tọ́mọ ń fi owó ọlọ́kọ̀ gbóná lásán. Bí bátìrì ṣe ń di iná mú, kò tí ì yé mi, mi ò sì ní tàn yín. Àmọ́ èyí tó yé mi jù ni pé láàárín Jẹ́bbá sí Bódé Sáádú, gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn tó kí n sọ ọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún.

Rúkà ti wà ní Kàdúná báyìí. Ó máa ń pè mí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, èmi náà a sì máa bi í ní ìbéèrè títí káàdì á fi tán. Mo ti kó àwọn ẹ́ńjìnì àlòkù kúrò ní apá tó kọjú sí títì, mò ń fi ọṣẹ fọ ilẹ̀ ibẹ̀ tí epo ti sọ di dúdú. Bẹ́ ẹ bá kọjá, tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ṣófo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bóyá mò ń yá a. Ó ní ẹni tó ni ín.